Bí Ẹ Ṣe Lè Pọ́n Fọ́tò Kó Mú, Láìjẹ́ Pé Iyanrìn Bo Ojú Rẹ̀

Ìbéèrè yìí kì í tán: "Mo fa slider Sharpening kí fọ́tò mi lè hàn kedere. Ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá rí ṣákiṣàki, àfi bíi pé ẹnì kan fọ́n iyanrìn sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ẹ ò ṣe ohun tí kò dáa. Irinṣẹ́ yẹn jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Ohun tó kù ni pé ẹ ò tíì sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn fún un. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa títún fọ́tò ṣe, èyí ló yí iṣẹ́ mi padà jù lọ: kéèyàn mọ ibi tí kò ní pọ́n.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méjì. Ohun tí sọ́fítíwíà ń pè ní Sharpening, pípọ́n ni èmi á máa pè é, bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ. Ohun tó sì ń pè ní Noise, iyanrìn ni èmi á máa pè é, torí bó ṣe rí lójú nìyẹn. Slider ni bọ́tìnì tí a ń fà sọ́tùn-ún tàbí sósì láti fi kún nǹkan tàbí láti dín in kù. Orúkọ àwọn bọ́tìnì tó kù, bí ẹ ṣe máa rí wọn lójú kọ̀ǹpútà ni mo ṣe kọ wọ́n, kí ẹ má baà máa wá wọn kiri.

## Ìdí tí pípọ́n fi ń gbé iyanrìn jáde

Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ irun ìpéǹpéjú. Ohun tó mọ̀ kò ju pé pixel kan (ọ̀kan nínú àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò) ṣókùnkùn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ibi tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti pàdé, á fi òkùnkùn kún èyí tó ṣókùnkùn, á fi ìmọ́lẹ̀ kún èyí tó mọ́lẹ̀, etí ibẹ̀ á sì mú sí i lójú wa. Kò sí ohun tuntun kankan tó wọ inú fọ́tò.

Wàyí o, kí ni hóró iyanrìn? Pixel kan tó mọ́lẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ ni òun náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ ìyá kan náà ni irun ìpéǹpéjú àti hóró iyanrìn. Bó bá ti ń pọ́n ọ̀kan, á pọ́n ìkejì. Ẹ̀yin lẹ máa yà wọ́n.

Oríṣi iyanrìn méjì ló wà, ọwọ́ tí a fi ń mú wọn ò sì dọ́gba:

- Iyanrìn àwọ̀. Àmì tó-tò-tó pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tó máa ń fara hàn níbi tó ṣókùnkùn. Èyí ṣeé gbá kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá láìpa fọ́tò lára.
- Iyanrìn ìmọ́lẹ̀. Hóró dúdú àti funfun wẹ́wẹ́. Èyí gba sùúrù, torí pé bí ẹ bá gbá a jù, awọ ara èèyàn á dà bíi ti bèbí oníke.

Àwọn méjèèjì máa ń pọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí ISO (nọ́ńbà tó ń pinnu bí kámẹ́rà ṣe máa mú fọ́tò mọ́lẹ̀ tó) sì ga, tàbí nígbà tí ẹ bá ya fọ́tò tó ṣókùnkùn tí ẹ wá fi agídí tàn án lórí kọ̀ǹpútà.

## Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó fọwọ́ kan slider kankan

☐ Ṣé focus bọ́ síbi tó yẹ? Ẹ sún fọ́tò náà mọ́ ojú. Bó bá jẹ́ pé etí ni lẹ́ńsì mú dípò ẹyinjú, tàbí pé ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí ẹ ń yà á, pípọ́n ò lè mú un padà. Iyanrìn nìkan lẹ máa rí gbà.

☐ Ṣé RAW ni àbí JPEG? RAW ni fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, JPEG ni èyí tó ti tún ṣe tán. Bí kámẹ́rà bá gbé JPEG jáde, ó ti pọ́n ọn, ó sì ti gbá iyanrìn inú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tó dáa fún RAW fi máa ń pọ̀ jù fún JPEG. Ẹ dín in kù sí ìdajì, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

☐ Ṣé ẹ wà ní 100%? Ní 100%, pixel kan nínú fọ́tò dúró fún pixel kan lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ń wo odindi fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, a ti fún un pọ̀, iyanrìn á fara pamọ́, ẹ ó sì máa pọ́n lọ títí yóò fi pọ̀ jù.

☐ Ṣé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ti parí? Bí ẹ bá pọ́n tán kí ẹ tó gbé Shadows (slider tó ń tan ibi tó ṣókùnkùn) sókè, gbogbo iyanrìn tó wà nínú òkùnkùn ló máa jáde wá kí yín. Clarity àti Texture náà ń fi kún ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀, torí náà ẹ parí wọn ṣáájú.

## Ìgbésẹ̀ nínú Lightroom àti Camera Raw

Sọ́fítíwíà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe ni méjèèjì, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi. Slider kan náà ló wà nínú méjèèjì, lábẹ́ Detail. Lóòótọ́, sọ́fítíwíà yìí ló ń pinnu èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe nínú, kì í ṣe bí ẹ ṣe fà wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ojú yín ni mo to ètò yìí fún, kí ohun kan má baà bo òmíràn mọ́ yín lójú.

1. Ẹ mú ibi méjì nínú fọ́tò. Ọ̀kan tó ní nǹkan wẹ́wẹ́, bí ẹyinjú. Ọ̀kan tó tẹ́jú, bí ògiri tàbí ojú ọ̀run. Lálọ lábọ̀ láàárín ibi méjèèjì lẹ ó máa wà títí iṣẹ́ á fi parí.

2. Ẹ fa Amount ti Sharpening sí 0. Fọ́tò RAW sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 40. Ẹ yọ ọ́ kúrò ná, kí ẹ lè rí iyanrìn bó ṣe wà gan-an.

3. Ẹ gbá iyanrìn àwọ̀. Slider Color lábẹ́ Noise Reduction máa ń wà ní 25 fún RAW. Ó tó fún ọ̀pọ̀ fọ́tò. Bí àmì pupa àti àwọ̀ ewé bá ṣì wà nínú òkùnkùn, ẹ máa fi márùn-ún márùn-ún kún un. Bí àwọ̀ ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá etí rẹ̀, ẹ ti kọjá ààlà.

4. Ẹ gbá iyanrìn ìmọ́lẹ̀. Slider Luminance nìyẹn. Bí ISO ò bá ju 400 lọ, mo sábà máa ń fi í sílẹ̀ ní 0. Ní ISO 1600, mo ń bẹ̀rẹ̀ láti 10 dé 20. Ní 6400, láti 25 dé 40. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ nìwọ̀nyí o, torí kámẹ́rà ò dọ́gba. Ẹ má lépa kí iyanrìn tán pátápátá. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára ògiri sàn ju ojú tó ń dán bí ike lọ.

5. Ẹ gbé Amount padà sí 40 tàbí 60. Ẹ má tíì wo ògiri. Ẹyinjú nìkan ni kí ẹ máa wò báyìí.

6. Ẹ mú Radius. Bí ìlà tí ẹ ń pọ́n ṣe máa fẹ̀ tó nìyí. Nǹkan wẹ́wẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ tàbí ewéko, ń fẹ́ 0.5 sí 0.8. Ojú èèyàn ń fẹ́ nǹkan bí 1.0 sí 1.3. Bí ẹ bá di bọ́tìnì Alt mú bí ẹ ṣe ń fà á, tàbí Option tó bá jẹ́ Mac lẹ ń lò, fọ́tò á di àwọ̀ eérú, etí àwọn nǹkan nìkan ló máa hàn. Radius tó fẹ̀ jù ló ń bí ìlà funfun tó ń yí orí èèyàn ká.

7. Ẹ ṣọ́ra fún Detail. Nínú gbogbo wọn, slider yìí ló ń gbé iyanrìn jáde kíákíá jù lọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 25. Bí ISO bá ga, mo máa ń mú un wálẹ̀ sí 10 tàbí 15. Fọ́tò ọ̀sán gangan tí wọ́n yà ní ISO 100 lè gba 40 tàbí 50.

8. Ẹ fa Masking. Mo ya ìsọ̀rí tó kàn sọ́tọ̀ fún èyí.

9. Ẹ wo ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí. Ẹ pa panel Detail, ẹ tún tàn án. Ibi tó tẹ́jú gbọ́dọ̀ rí bákan náà nínú méjèèjì, tàbí kó tiẹ̀ mọ́ sí i. Bó bá ṣákiṣàki ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 7 àti 8 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Bí Lightroom yín bá jẹ́ tuntun, ẹ ó tún rí bọ́tìnì Denoise, èyí tó dé lọ́dún 2023. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò RAW, ó sì ń gbá iyanrìn dáadáa ju Luminance lọ, pàápàá láti ISO 3200 sókè. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lò ó ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹ sì mú Amount rẹ̀ wálẹ̀ sí 30 tàbí 40. Bó bá pọ̀ jù, ó máa ń fi ìlà tí kò sí nínú irun sínú irun.

## Masking: níbi tí iṣẹ́ wà gan-an

Fọ́tò kan wà lójú kọ̀ǹpútà mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nírọ̀lẹ́, ògiri tó ṣókùnkùn wà lẹ́yìn rẹ̀. ISO 3200 ni mo fi yà á, lẹ́ńsì 85mm. Ní 100%, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn rọ̀ díẹ̀ ni. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà lára ògiri, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo gbé Amount sí 60, Masking sì wà ní 0. Ẹyinjú tàn, inú mi dùn. Mo wá sún lọ sára ògiri: ó ti di ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà ti ní hóró-hóró tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo di Alt mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa Masking. Ohun tó máa hàn kì í ṣe fọ́tò mọ́. Funfun àti dúdú ni. Ibi tó bá funfun, a máa pọ́n ọn. Ibi tó bá dúdú, a ti bò ó, pípọ́n ò ní dé ibẹ̀. Ní 0, gbogbo rẹ̀ ló funfun báláú. Ní 30, àmì dúdú ti ń yọ lára ògiri. Ní 55, ògiri ti dúdú tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ṣì ní àmì funfun kéékèèké káàkiri. Iyanrìn ara awọ nìyẹn, kì í ṣe ohun tó yẹ ká pọ́n. Ní 75, ohun tó kù kò ju ìlà ojú méjèèjì, irun ìpéǹpéjú, etí imú, ètè, etí irun orí àti yẹtí rẹ̀. Mo fà á dé 90, irun ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo dá a padà sí 78, mo jọ̀wọ́ Alt.

Ògiri padà sí bó ṣe wà. Ẹyinjú ṣì ń tàn. Fọ́tò kan náà, Amount kan náà.

Bí ẹ ó ṣe máa ṣe é lórí fọ́tò yín nìyẹn: ẹ máa fà títí ibi tó tẹ́jú á fi dúdú, ẹ dúró kí ohun tó ṣe kókó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nọ́ńbà mi lè má bá tiyín mu. Ohun tó ń hàn nínú dúdú àti funfun yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí fọ́tò ṣe rí ló ń pinnu ibi tí Masking máa dúró:

- Ojú èèyàn: 70 sí 85.
- Ẹyẹ níwájú ojú ọ̀run tó mọ́: 50 sí 70, torí ìyẹ́ rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ tí a ò fẹ́ bò.
- Òkúta, aṣọ híhun, igbó tó kún: 10 sí 30. Gbogbo ojú fọ́tò ló ní nǹkan wẹ́wẹ́, ẹ má bo ohun tí ẹ wá yà.

Ìgbà mìíràn wà tí Masking nìkan ò ní tó. Bí ẹ̀yìn fọ́tò bá ní ìlà tirẹ̀, bí ẹ̀ka igi tàbí ìwé lórí pẹpẹ, á ka ìyẹn náà sí etí tó yẹ kó pọ́n. Ẹ lo mask (ìbòjú tó ń ya apá kan fọ́tò sọ́tọ̀) tó ń yan Background, ìyẹn ẹ̀yìn fọ́tò, kí ẹ sì fa Sharpness tó wà níbẹ̀ sí ìhà òdì, ẹ fi Noise díẹ̀ kún un. Ẹ má jẹ́ kí Sharpness yẹn kọjá -50, torí lẹ́yìn ibẹ̀, kì í ṣe pé kò ní pọ́n mọ́ nìkan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ibẹ̀ jẹ́ bí ibi tí focus ò dé.

## Ní Photoshop àti GIMP

Níbí, ètò ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ń gun orí ohun tí ẹ ṣe ṣáájú. Iyanrìn la kọ́kọ́ ń gbá, lẹ́yìn náà la ó pọ́n. Bí ẹ bá yí i po, ẹ ó pọ́n iyanrìn tán kí ẹ tó máa wá bí ẹ ó ṣe gbá a, á sì ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

### Ọ̀nà kìíní: Unsharp Mask

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dà yín láàmú. Pípọ́n náà ni. Slider mẹ́ta ló ní.

1. Ẹ ṣe àdàkọ layer yín (layer ni ìpele fọ́tò tí a ń tò lé orí ara wọn). Ctrl+J ni ní Photoshop.
2. Ẹ gbá iyanrìn lórí àdàkọ yẹn. Ní Photoshop, ẹ lo Camera Raw Filter. Ní GIMP, ẹ wọ Filters, Enhance, lẹ́yìn náà Noise Reduction.
3. Ẹ tún ṣe àdàkọ mìíràn lórí èyí tí ẹ gbá tán. Orí ìyẹn la ó ti pọ́n.
4. Ẹ ṣí Unsharp Mask. Ní Photoshop, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Amount 100%, Radius 1.0, Threshold 4. Ní GIMP, Radius á wà ní 3.0 nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. Ó fẹ̀ jù fún ọ̀pọ̀ fọ́tò, ẹ mú un wálẹ̀ sí 0.8 tàbí 1.0.
5. Ẹ yí mode layer náà, ìyẹn bó ṣe máa pò mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, sí Luminosity. Ní GIMP, LCh Lightness ni kí ẹ mú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni pípọ́n á kàn nígbà yẹn, iyanrìn àwọ̀ ò ní gbérí.

Threshold ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á sí. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé: bí ìyàtọ̀ àárín pixel méjì ò bá tó báyìí, fi wọ́n sílẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín hóró iyanrìn méjì sábà máa ń kéré sí ìyàtọ̀ àárín irun àti awọ ara, nítorí náà Threshold kékeré ti tó láti yọ púpọ̀ nínú iyanrìn kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ní Photoshop, láti 0 dé 255 ló ń kà, 3 sí 8 ni mo sì ń lò. Ní GIMP, láti 0 dé 1 ni, torí náà ìdá kékeré bíi 0.02 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e ga jù, awọ ara á ní abulẹ̀: ibì kan á mú, ibi tó tẹ̀ lé e á kú.

### Ọ̀nà kejì: High Pass

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún fọ́tò tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀, torí ọwọ́ ara yín lẹ fi ń yan ibi tí pípọ́n máa dé.

1. Lórí layer tí ẹ ti gbá iyanrìn rẹ̀ tán, ẹ ṣe àdàkọ.
2. Ní Photoshop, ẹ wọ Filter, Other, High Pass. Ní GIMP 2.10 sókè, abẹ́ Filters, Enhance ló wà.
3. Gbogbo fọ́tò á di eérú. Ẹ gbé Radius láti ìsàlẹ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró ní kété tí etí àwọn nǹkan bá yọ. Fún fọ́tò 24 megapixel, 1 sí 2 sábà máa ń tó. Bí ẹ bá ti ń rí odindi ojú èèyàn nínú eérú yẹn, ó ti pọ̀ jù.
4. Bí àwọ̀ bá ṣì wà lára àwọn ìlà náà, ẹ bọ́ àwọ̀ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú Desaturate.
5. Ẹ yí mode layer sí Overlay. Soft Light ni bí ẹ bá fẹ́ kó rọra.
6. Ẹ fi layer mask dúdú, ìbòjú tó ń fi layer pamọ́, bò ó. Ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.
7. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì funfun tí etí rẹ̀ rọ̀, kí ẹ kun ibi tí ẹ fẹ́ kó mú nìkan: ẹyinjú, irun, ètè, ìlà aṣọ. Ẹ má kun awọ ara. Ẹ má kun ẹ̀yìn.
8. Ẹ dín Opacity, ìyẹn bí layer náà ṣe hàn tó, kù sí nǹkan bí 60%, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ó gbé e sókè.

Ẹ ní sùúrù nínú ìgbésẹ̀ 7. Fọ́tò ojú èèyàn kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

### Bí ẹ ò bá lo ìkankan nínú wọn

Bí darktable lẹ ń lò, ẹ tan "denoise (profiled)" kí ẹ tó wọ "sharpen". Ó mọ bí iyanrìn ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ṣe rí ní ISO kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ RawTherapee ni, ẹ wá Capture Sharpening. Ó ní Contrast threshold tó ń bo ibi tó tẹ́jú fúnra rẹ̀, bíi Masking. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà méjèèjì.

## Lórí fóònù

Lightroom orí fóònù ní Masking lábẹ́ Sharpening, torí náà ohun tí mo sọ lókè bá a mu. Snapseed ní Details, tó ní Structure àti Sharpening. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Structure bí fọ́tò bá jẹ́ ti alẹ́. Kíákíá ló ń gbé iyanrìn jáde. Sharpening 10 sí 20 ti tó. Fóònù ti pọ́n fọ́tò náà gidigidi kí ẹ tó rí i, nígbà mìíràn kò sí ohun tó yẹ kí ẹ fi kún un rárá.

## Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde

Ìròyìn ayọ̀ wà níbí. Bí ẹ bá dín ìwọ̀n fọ́tò kù, iyanrìn náà á dín kù. Ká ní fọ́tò yín jẹ́ 6000 pixel ní ìbú, ẹ sì sọ ọ́ di 2000. Pixel mẹ́sàn-án ló para pọ̀ di ẹyọ kan. Bí iyanrìn ṣe ń lọ sókè sódò láìní ètò, mẹ́sàn-án yẹn á pa ara wọn rẹ́, ohun tó kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Fún ìdí yìí, ẹ má dààmú ara yín lórí iyanrìn tó ń hàn ní 100% bó bá jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ni fọ́tò náà ń lọ.

1. Ẹ tọ́jú fáìlì tó tóbi, tí ẹ ò tíì dín kù.
2. Ẹ dín ìwọ̀n ẹ̀dà rẹ̀ kù sí bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó.
3. Dídín kù máa ń jẹ́ kí fọ́tò rọ̀ díẹ̀. Ẹ tún un pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: Radius 0.3 sí 0.5. Ní Lightroom, Output Sharpening nínú Export ló ń ṣe èyí. Ẹ mú Screen àti Standard, tàbí Low bí iyanrìn bá pọ̀.
4. Bó bá jẹ́ bébà lẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ mú Matte Paper tàbí Glossy Paper dípò Screen. Yíǹkì máa ń tàn díẹ̀ nínú bébà, torí náà pípọ́n tó dà bíi pé ó pọ̀ díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà lè bọ́ sípò lórí bébà.
5. Ẹ fi JPEG pamọ́ ní Quality 80 sókè. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ojú fọ́tò á pín sí igun mẹ́rin kéékèèké, etí tí ẹ pọ́n ló sì máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Mo ti rí ẹni tó gba fọ́tò rẹ̀ padà láti orí fóònù lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá ń pọ́n ẹ̀dà yẹn. Kò sí ohun tí Masking lè ṣe sí i. Ẹ padà lọ wá fáìlì àkọ́kọ́.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù, àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe

- Ìlà funfun yí orí èèyàn ká. Radius fẹ̀ jù. Ẹ mú un wálẹ̀ sí 1.0 kí ẹ tó dín Amount.
- Ojú ọ̀run rí hóró-hóró. Masking kéré jù, tàbí ẹ fi Clarity sórí gbogbo fọ́tò. Ẹ gbé Masking sókè, kí ẹ fi Clarity sí ara ohun tó wà nílẹ̀ nìkan.
- Awọ ara bí ike, irun bí abẹ́rẹ́. Ẹ gbá iyanrìn jù, ẹ wá pọ́n jù láti fi rọ́pò ohun tó sọnù. Ẹ dá Luminance padà sí ìdajì, kí ẹ dín Amount náà.
- Ó dáa lálẹ́, ó burú láàárọ̀. Ojú ti rẹ̀ yín. Ojú tó ti wo nǹkan pẹ́ kì í mọ ìgbà tó pọ̀ jù mọ́. Ẹ dìde, ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
- Ẹ pọ́n lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀. Kámẹ́rà pọ́n JPEG, Lightroom pọ́n ọn, Photoshop tún pọ́n ọn. Ẹ yan ibì kan ṣoṣo tí ẹ ti máa pọ́n, kí ẹ pa àwọn yòókù sí 0. Ti ìgbéjáde nìkan ló yàtọ̀.

## Bí fọ́tò bá kọ̀ jálẹ̀

Àwọn fọ́tò kan wà tí iyanrìn àti ojú èèyàn ti wọnú ara wọn débi tí kò sí mask tó lè yà wọ́n. ISO 12800, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí wọ́n tún wá tàn lórí kọ̀ǹpútà. Lórí irú rẹ̀, mo máa ń dán nǹkan mẹ́ta wò, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn yìí.

Mo máa kọ́kọ́ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí ìdajì, kí n tó pọ́n ohunkóhun. Bí ìyẹn ò bá tó, mo máa pọ́n ẹyinjú méjèèjì nìkan pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kí n fi gbogbo ibi tó kù sílẹ̀ bó ṣe rọ̀. Ojú ẹni tó ń wo fọ́tò máa ń kọ́kọ́ lọ sí ẹyinjú, bí ibẹ̀ bá ti mú, á gbà pé fọ́tò náà mú. Bí kò bá ṣì gbà, mo máa bọ́ àwọ̀ rẹ̀ kúrò, kó di dúdú àti funfun. Iyanrìn àwọ̀ á kúrò nílẹ̀ pátápátá, iyanrìn ìmọ́lẹ̀ tó kù á sì dà bíi ti fọ́tò fíìmù àtijọ́, èyí tí ojú wa ti mọ̀, tí kò sì kà sí àbùkù. Lórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi Amount sí 25, mi ò sì ní gbé Detail sókè rárá.